Àwo Oúnjẹ àti Ẹ̀jẹ̀ Ìran: Ohun Tó Ń Ṣe Ajá Labrador

Nígbà tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn ajá ńlá, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀yà kan péré, kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n ká. Labrador ni mo mú. Àwọn ènìyàn ń sìn ín n'Íbàdàn níbí, wọ́n ń sìn ín l'Ékòó, àwọn ọmọ wa tó wà ní London náà ń sìn ín. Ajá tó fẹ́ràn ọmọdé ni, ó gbọ́n, ó sì máa ń gbọ́ràn. Àwọn onímọ̀ sì ti yẹ ẹ̀yà yìí wò fínnífínní ju ọ̀pọ̀ ajá mìíràn lọ, nítorí náà a kò sí nínú òkùnkùn nípa ohun tó ń ṣe é.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà méjì ni àìsàn sábà ń gbà wọlé tọ Labrador: ó ń gba inú àwo oúnjẹ, ó sì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀. Ọwọ́ wa ni àwo oúnjẹ wà. Ní ti ẹ̀jẹ̀, a lè wádìí rẹ̀ kí á tó sanwó. Púpọ̀ nínú ìyà tó ń jẹ ajá yìí, àwa tí a ní a fẹ́ràn rẹ̀ ni a lè dènà rẹ̀.

Màmá kan gbé tiwọn wá sọ́dọ̀ mi láti Bódìjà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Tanímọ̀la ni wọ́n sọ ọ́. Akọ ni, ọmọ ọdún méje, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àgbàdo gbígbẹ. Ọmọkùnrin méjì ló gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí kò lè fò sílẹ̀ mọ́. Màmá ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, inú wọn ń dùn.

“Dókítà, ẹ wò ó bó ṣe ń dán. Ẹ wò ó bó ṣe rí rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yìí nìkan ló ń dà mí láàmú, ẹ bá mi fún un lábẹ́rẹ́.”

A gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kílò 49 ni. Akọ Labrador tó ti dàgbà yẹ kó wà láàárín kílò 29 sí 36. Abo, kílò 25 sí 32. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ lójúmọ́?” Wọ́n ní kì í jẹ púpọ̀. Oúnjẹ inú àpò rẹ̀ ló ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí wọ́n bá ń mu tíì, wọ́n máa ń já búrẹ́dì fún un, nítorí bó ṣe ń wò wọ́n lójú. Bí bàbá bá jẹ ẹ̀bà kù, tirẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ọmọ náà ní bisikí tí wọ́n ń jù sí i. Bí Màmá ti ń kà á, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀, torí wọn kò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá Màmá lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, sísanra jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Bí a bá rí ẹni tí a ti rí tipẹ́, tó sanra, a ó ní ara ti tù ú, a ó ní ayé ń yẹ ẹ́. Ojú kan náà ni a fi ń wo ajá. Ajá tó fẹ́lẹ́ níkùn, tí egungun ìhà rẹ̀ hàn díẹ̀ bó bá ń sáré, aládùúgbò á máa béèrè bóyá owó oúnjẹ ti wọ́n olówó rẹ̀ ni. Mo ti bá àwọn tó mọ̀wé dáadáa pàdé tí wọ́n ń tijú láti mú ajá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá jáde sí òpópónà. Ojú yìí ni mo fẹ́ kí á yí padà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ajá yìí ti wá, nítorí ara rẹ̀ ṣì ń rántí ibẹ̀. Erékùṣù Newfoundland ni, ní ìlà-oòrùn Kánádà, níbi tí omi òkun ti tutù débi pé òkìtì yìnyín ń léfòó lórí rẹ̀. Àwọn apẹja ibẹ̀ ní ajá kan tí à ń pè ní ajá St. John's. Ó ń bá wọn fa okùn àwọ̀n wá sétí omi, ó sì ń bẹ́ sómi lọ gbé ẹja tó bá já bọ́ lẹ́nu ìwọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹja lọ sí èbúté Poole ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ajá yìí dání. Àwọn ìjòyè ibẹ̀, Earl ti Malmesbury àti ìdílé Duke ti Buccleuch ní Scotland, ló sìn ín di ajá ọdẹ tí ń lọ gbé pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tí ìbọn ti bà wá fún olówó rẹ̀, tí eyín rẹ̀ kò sì ní dá a lójú. Ní 1903, Kennel Club ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tó dá dúró. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1917. Láti 1991 títí dé 2021, kò sí ẹ̀yà ajá tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó o lọ́dọ̀ American Kennel Club.

Ẹ fọwọ́ ya irun rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìpele méjì ni: èyí tó le lókè, àti èyí tó rọ̀ bí òwú lábẹ́. Òróró wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Awọ wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ìrù rẹ̀ nípọn, òun ló fi ń tọ́ ara rẹ̀ nínú omi. Ajá òtútù ni, ajá iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ẹni tó ń wẹ omi yìnyín láti àárọ̀ títí di alẹ́ nílò oúnjẹ púpọ̀. A wá mú un wá sínú ọgbà tó ní géètì, níbi tí kò ti ní iṣẹ́ kankan ju kó gbó mọ́ àlejò lọ, a sì ń bọ́ ọ bíi pé ó ṣì ń fa àwọ̀n.

Ebi tó ń pa á kì í ṣe àṣejù lásán. Ní 2016, Eleanor Raffan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge gbé ìwádìí kan jáde. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní POMC, òun wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé ikùn ti yó. Nínú Labrador bí 1 nínú 4, wọ́n rí i pé apá kan jíìnì yìí ti já dànù. Ajá tó bá ní àbùkù yìí á máa tọrọ oúnjẹ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á sì fi nǹkan bíi kílò 2 wúwo jù ú lọ. Nínú àwọn Labrador tí wọ́n ń tọ́ láti máa ran afọ́jú àti aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, ó tó 76 nínú 100 tó ní in. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ajá tí oúnjẹ ń wù ló rọrùn láti kọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣà á yàn láìmọ̀.

Ní 2024, àwọn ará Cambridge kan náà tún fi kún un. Wọ́n fún àwọn Labrador lóúnjẹ àárọ̀, wọ́n dúró fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n sì gbé sọ́séèjì sínú àpótí oníke tó mọ́ gaara, tó ní ihò lára. Ajá lè rí i, ó lè gbóòórùn rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Àwọn tó ní àbùkù jíìnì náà kò kúrò nídìí àpótí náà. Wọ́n ń họ ọ́, wọ́n ń yí i, ju àwọn tó kù lọ. Nígbà tí wọ́n sì wọn agbára tí ara ajá tó ní àbùkù yìí ń jó nígbà tó bá sùn, ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí ti àwọn tí kò ní in. Ebi ń pa á jù, ara rẹ̀ sì ń lo oúnjẹ díẹ̀. Nígbà tí mo ka ìwádìí yìí, Tanímọ̀la ló wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe ń wo búrẹ́dì ọwọ́ Màmá. Ajá náà kò purọ́. Ebi ń pa á lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yó.

Kí wá ni dídín oúnjẹ kù lè ṣe? Èyí ni ìdáhùn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìmọ̀ ìtọ́jú ajá, nítorí sùúrù tí wọ́n fi wá a. Ilé-iṣẹ́ Purina ní Amẹ́ríkà mú ọmọ Labrador 48, wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, ọmọ ìyá kan náà ni méjì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń jẹ oúnjẹ bó ṣe yẹ. Èkejì ń jẹ oúnjẹ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan kúrò. Báyìí ni wọ́n ṣe títí ayé àwọn ajá náà, fún ọdún mẹ́rìnlá. Ní 2002, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn tó jẹun díẹ̀ gbé ọdún 13 ní àárín. Àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé ọdún 11 àti díẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ tó ọdún méjì. Àrùn oríkèé sì pẹ́ kó tó mú àwọn tó jẹun díẹ̀. Kò sí oògùn kankan lórí àtẹ mi tó lè fún ajá ní ọdún méjì.

Ẹ ò nílò òṣùwọ̀n kí ẹ tó mọ̀ bóyá tiyín ti sanra jù. Ẹ na ọwọ́ òsì yín síwájú, gbogbo yín. Ẹ di í ní ìkúùkù. Ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún pa orí oríkèé ìka náà: egungun gbágbágbá. Bí ìhà ajá yín bá rí báyìí lábẹ́ ọwọ́, ó ti rù jù. Ẹ tú ìkúùkù náà, ẹ pa ẹ̀yìn ọwọ́: ẹ ń mọ egungun, ṣùgbọ́n awọ bò ó díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ wá yí ọwọ́ padà, ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ nísàlẹ̀ àwọn ìka, níbi tí ẹran wà. Bí ẹ bá ní láti tẹ ìhà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kan egungun, ó ti sanra jù. Ẹ tún dúró lókè orí rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè: ìbàdí gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀ lẹ́yìn ìhà. Bó bá rí gbọọrọ bí ìrọ̀rí láti èjìká dé ìdí, ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀.

Mo rí i pé àwọn kan ti ń fọwọ́ kan ajá wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ìbàdí ló kàn. Ẹ tún di ọwọ́ ọ̀tún yín ní ìkúùkù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá a mọ́ra, kó jókòó sínú rẹ̀ pátápátá. Ìkúùkù yín ni orí egungun itan. Àtẹ́lẹwọ́ yín ni kòtò ìbàdí. Ẹ yí i: ó ń yí wẹ́rẹ́. Ẹ wá la àtẹ́lẹwọ́ òsì yín kó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, ẹ sì tún yí ìkúùkù lórí rẹ̀. Ó ń yọ̀ kúrò, ó ń gbá etí ọwọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbàdí ajá tó ní àìsàn yìí nìyẹn, ní gbogbo ìgbésẹ̀, lójoojúmọ́. Ohun rírọ̀ tó bo orí egungun á máa họ, ara á máa gbìyànjú láti fi egungun tuntun dí àlàfo náà, oríkèé á wú, á máa ro ó bí làkúrègbé àgbàlagbà. Ẹ ó rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro nígbà tó bá ń sáré, ó ń pẹ́ kó tó dìde láàárọ̀, kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn. Ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú náà ní irú tirẹ̀, níbi tí ègé egungun kékeré ti ń dá kúrò lára ìyókù. Òun ló sábà ń jẹ́ kí ọmọ ajá oṣù mẹ́fà máa tiro.

Wọn kì í bí ọmọ ajá pẹ̀lú ìbàdí tó ti bàjẹ́. Inú ìran ni àìlágbára rẹ̀ ti ń wá, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń pinnu bí yóò ti burú tó. Ọmọ ajá tó ń jẹ àjẹjù ń dàgbà yára ju bí oríkèé rẹ̀ ti ń le lọ. Àwọn kan tún ń ra kálísíọ̀mù kún un, wọ́n ní kí egungun rẹ̀ baà le; nínú ajá ńlá tó ń dàgbà, kálísíọ̀mù àjùlọ máa ń da ìdàgbàsókè egungun rú ni. Àwọn onímọ̀ ní Norway tọpa ọmọ ajá ńlá bíi 500, Labrador wà lára wọn. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta ni ìbàdí wọn máa ń sábà bàjẹ́; àwọn tó ń ṣeré lórí ilẹ̀ rírọ̀ níta kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú sí ilé tiwa tí táìlì dídán kún láti pálọ̀ dé bárańdà. Ẹ tẹ́ ẹní sí ibi tí ọmọ ajá ń gbé. Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré lórí koríko.

Àyẹ̀wò wà fún ìbàdí. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin olówó kan tó ń jẹ́ John M. Olin, tó fẹ́ràn ajá ọdẹ, rí i pé àìsàn yìí ń jẹ àwọn ajá rẹ̀ run. Òun ló ṣe agbátẹrù àjọ OFA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966. Wọ́n ń ya ìbàdí ajá ní x-ray nígbà tó bá pé ọmọ ọdún méjì, àwọn dókítà sì ń sọ bóyá ó dára tó láti bímọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máàkì ni wọ́n ń fún un, láti 0 dé 53 fún ìbàdí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti kéré tó ni ìbàdí náà dára tó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìran tó kù, kò ní ṣòro fún yín, nítorí gbogbo wa la mọ AA, AS àti SS. Ọkùnrin AS kò ṣàìsàn, obìnrin AS kò ṣàìsàn; wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bí ọmọ SS. Báyìí gan-an ni àwọn àìsàn kan ṣe wà nínú Labrador. Ìyá ń sáré, bàbá ń sáré, ara wọn dá pé. Àwọn méjèèjì ru ẹyọ àbùkù kan, ọmọ 1 nínú 4 sì lè jogún rẹ̀ lápá méjèèjì. Àwọn tó ń sọ pé “ẹ wo ìyá rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan” kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ó ń sunkún. Abo Labrador dúdú ni tirẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù fún un lórí pápá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bíi ti ọ̀mùtí. Ó ṣì fẹ́ lọ gbé bọ́ọ̀lù náà, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ lórí ilẹ̀, títí ó fi ṣubú. Àwọn tó wà ní pápá ní wọ́n ti fún un ní májèlé. Mo ní kó gbé e sí ibòji, kó da omi sí i lára, kó má fipá gbé e dìde. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi dìde, tó ń ju ìrù, bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

EIC ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Minnesota ló rí jíìnì tó ń fà á, DNM1, ní 2008. Bí ara ajá náà bá gbóná nínú eré àsápajúdé, ìránṣẹ́ tó ń gba inú iṣan lọ sí ẹsẹ̀ kì í dé mọ́. Púpọ̀ wọn ń dìde padà. Àwọn kan kú sórí pápá. A fi nǹkan bí òwú gba itọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá yìí, a fi ránṣẹ́ sókè òkun, èsì dé: apá méjèèjì ló ti jogún rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà lọ bá ẹni tó tà á fún un. Onítọ̀hún ní ajá òun kò lárùn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ó tún ń polówó ọmọ tí ìyá àti bàbá kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí di òní. Ajá náà ṣì wà láàyè. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ń mú un rìn, kò sì lépa bọ́ọ̀lù mọ́.

Bákan náà ni àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní PRA, tó ń kọ́kọ́ mú ajá ní alẹ́: á máa fara gbá àga nínú ilé tí iná ti lọ, ní ọ̀sán á máa ríran; nígbà tó bá yá, ojú á fọ́ pátápátá. Bákan náà ni CNM, àìlágbára iṣan tí àyẹ̀wò ti wà fún. Itọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Nígbà tí a wà lórí ọ̀rọ̀ ìran, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àwọ̀. Mo gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń san owó gọbọi lórí Labrador aláwọ̀ ṣokoléètì. Ní 2018, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Sydney àti Royal Veterinary College ní London wo àkọsílẹ̀ Labrador tó lé ní 33,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aláwọ̀ ṣokoléètì gbé ọdún 10.7 ní àárín. Àwọn dúdú àti àwọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ gbé 12.1. Àrùn etí sì pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ ṣokoléètì ju àwọn tó kù lọ. Lójú àwọn onímọ̀ náà, ó lè jẹ́ pé nítorí àwọ̀ ni wọ́n ṣe ń mú ìwọ̀nba ìdílé ajá díẹ̀ gùn ara wọn, tí àbùkù fi ń kó jọ. Lójú tèmi, àwọ̀ ni ohun ìkẹyìn tó yẹ kí a wò lára ajá.

Ìwádìí yẹn kan náà ló sọ àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lára gbogbo Labrador ibẹ̀: àrùn etí ni ìkínní, sísanra jù ni ìkejì, àrùn oríkèé ni ìkẹta. Etí Labrador wọ́ bo ojú ihò rẹ̀, atẹ́gùn kì í wọ̀ ọ́ dáadáa. Bí omi bá kù síbẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, á di ilé kòkòrò. Bí ajá bá ń gbọn orí, tó ń họ etí mọ́lẹ̀, tí òórùn kíkan sì ń jáde, ẹ mú un wá. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò pa ara rẹ̀ nítorí ẹ̀yi, májèlé ni, yóò gba awọ ara wọlé, ajá á sì tún fi ahọ́n lá a mì.

Ooru kò ṣeé fi ṣeré. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ láti tu ara rẹ̀ lára. Ara rẹ̀ máa ń gbóná tó 38 sí 39 ní ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bó bá kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Mo ti wọ ọgbà tí wọ́n ti ajá mọ́ inú àkámọ́ onírin, páànù lókè, síméńtì nísàlẹ̀, oòrùn oṣù kẹta lórí rẹ̀, abọ́ omi ti gbẹ. Ẹ rántí pé irun omi yìnyín ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ibòji, omi tútù ní gbogbo ìgbà, ìrìn àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí ìrọ̀lẹ́. Bó bá dákú, omi ni ẹ ó kọ́kọ́ dà sí i lára, kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀.

Àwọn ohun tó ń pa gbogbo ajá lọ́dọ̀ wa kò yọ Labrador sílẹ̀: àrùn eégbọn tó ń fa ibà, tó ń mú èrìgì funfun, tó lè mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀, páfò tó ń mú ọmọ ajá yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, àti dìgbòlugi, tó ń pa ajá, tó sì ń pa ènìyàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún méjì tó kẹ́yìn yìí, ẹ gbà á lásìkò. Ẹ máa yọ eégbọn.

Bí ó bá ti dàgbà, ẹ máa fọwọ́ wá kókó lábẹ́ awọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀rá lásán, àwọn kan jẹ́ jẹjẹrẹ, ojú kò sì lè dá wọn mọ̀. Bí gbígbó rẹ̀ bá yí padà, tó di ohùn híhá, tí èémí rẹ̀ sì ń dún, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń rọ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ooru rárá. Bí ikùn rẹ̀ bá ṣàdédé wú bí ìlù, tó ń fẹ́ bì tí nǹkan kan kò jáde, ẹ má dúró di àárọ̀, ikùn rẹ̀ ti lọ́. Ẹ má sì fi oògùn ara ríro ti ènìyàn tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibuprofen ń dá egbò sínú ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra, ẹ béèrè x-ray ìbàdí àti ìgúnpá ìyá àti bàbá. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò EIC, PRA àti CNM. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ìyá ajá náà lójú ara yín. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ fún un, bó ti wù kí ọmọ náà rẹwà tó. Ẹ̀yin tó ń tà, mo bẹ̀ yín, ẹ má mú ajá gùn kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti Tanímọ̀la, Màmá kò gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n wá gbà lọ́jọ́ yẹn. Ife kan ni mo fún wọn láti máa fi wọn oúnjẹ. A fi òfin de búrẹ́dì. Màmá ní àwọn yóò máa gé kárọ́ọ̀tì fún un dípò rẹ̀, nítorí àwọn kò lè fara da ojú tó fi ń wo àwọn. Àwọn ọmọ ọmọ náà gbà, ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá tó gbà. Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, kílò 35 ni òṣùwọ̀n kà. Ìbàdí rẹ̀ kò padà di tuntun, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ló tún lò lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá yẹn.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó bu oúnjẹ sí àwo ajá yín, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìhà rẹ̀. Bí ọwọ́ yín kò bá rí egungun, ẹ má tíì bu kún un. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Ajé, kí á wọ̀n ọ́n.